Fọ́tò Àlàájà àti Ẹ̀gbọ́n Wọn

Ọjọ́ tí mo ra kámẹ́rà onífíìmù ni mo yọwọ́ nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi fóònù ya fọ́tò. Mo di ayàwòrán. Díẹ̀ ló kù kí n máa ki ara mi. Ibi tí ayàwòrán ńlá yìí ti ń fọ fíìmù rẹ̀ ni balùwẹ̀ ilé tí mo gba yàrá kan sí ní Mówè, tí èmi àti ìdílé mẹ́rin jọ ń lò.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo bá Àlàájà, ìyá onílé wa, lọ sí Ifọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tí ẹsẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n jáde mọ́. Láti ìgbà ọmọge, àwọn méjèèjì kò tíì jọ ya fọ́tò. Mo ní kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀gbọ́n sọ nǹkan sí àbúrò létí, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, mo sì tẹ kámẹ́rà. Fọ́tò yẹn ló gbẹ̀yìn nínú fíìmù náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo fi aṣọ dí gbogbo ihò balùwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo yọ fíìmù. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án kí n tó kó o sínú agolo tí mo fi ń fọ̀ ọ́, ó parí nìyẹn.

Ìgbà yẹn gan-an ni Àlàájà kan ilẹ̀kùn.

"Ta ló wà ńbẹ̀?"

"Èmi ni, mà. Ẹ káàsán, mà."

"Akọ̀wé! Orí ìdúró lo ti ń kí àgbà, àbí?"

Kí n tó ronú, àyà mi ti kan ilẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú òkùnkùn biribiri fún ẹni tí kò rí mi. Ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn. Yunifásítì kò rí i yọ lára mi. Fíìmù bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Mo ti dọ̀bálẹ̀, mà!"

"Irọ́ ni. Ṣílẹ̀kùn kí n rí i."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà! Bí mo bá ṣí i, ẹ̀gbọ́n yín á parẹ́!"

Mo gbọ́ tí Àlàájà wọ́ àpótí wá, tí wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wẹ̀ o! Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ibẹ̀!"

Mo táràrà kiri ilẹ̀ títí mo fi rí fíìmù lẹ́yìn bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo wé e, mo dé agolo, mo da kẹ́míkà sí i, mo fi omi ṣàn án. Nígbà tí mo jáde, òógùn bò mí, fíìmù ń kán tótó lọ́wọ́ mi. Àlàájà gbé e sókè sí oòrùn.

"Yéè! O ti sọ wá di òyìnbó! Eyín wa sì dúdú!"

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, mà. Tí a bá tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, á padà bọ̀ sípò."

Ilẹ̀ tí fíìmù bọ́ sí ti fa ìlà kan sára bẹ́ǹṣì inú fọ́tò náà. Nǹkan kan kò ṣe ojú àwọn méjèèjì. Àlàájà ti pe Ifọ̀ lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, a jáde o! Ẹnu yín ló tóbi jù níbẹ̀!"

"Tìrẹ ńkọ́?"

Àlàájà tún gbé fíìmù sókè, wọ́n fara balẹ̀ wò ó.

"Tèmi náà là gbàgà."