Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Gba Abẹ́rẹ́ Tẹkiníṣíọ́mù

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún bàbá mi lọ́jọ́ náà ní ọsibítù n'Ìbàdàn kò yàtọ̀ lójú sí abẹ́rẹ́ ibà. Tẹkiníṣíọ́mù ló wà nínú rẹ̀, ẹ́límẹ́ǹtì àkọ́kọ́ tí ọmọ aráyé fọwọ́ ara wọn ṣe, ìtànṣán rẹ̀ ni ẹ̀rọ fi máa rí ohun tó ń ṣe egungun bàbá mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́ kẹ́mísìrì n'Ìwó nígbà náà, ẹnu mi kì í sinmi. Mo ti ṣàlàyé fún wọn pé a kì í wà á nínú ilẹ̀ bíi wúrà, pé kì í pẹ́ láyé: kílẹ̀ tó ṣú, ìdajì rẹ̀ á ti lọ, ìdajì tó kù náà á tún máa dín. Bàbá mi, tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní kéwú, rẹ́rìn-ín.

"Ohun tí Ọlọ́run ti dá náà ni wọ́n tún pò."



Nígbà tí a fẹ́ máa padà sílé, nọ́ọ̀sì ní, "Kí baba má sún mọ́ ọmọdé àti aboyún títí di ọ̀la o." Oyún tí mo ti ń tọrọ láti ọjọ́ pípẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró ni, ọkọ mi nìkan ló sì mọ̀, nítorí àwọn àgbà ní a kì í tètè pariwo oyún. Mo sá lọ jókòó níwájú mọ́tò, mo fi bàbá mi sílẹ̀ lẹ́yìn.

Bí bàbá mi bá ti ìrìn àjò dé, àwa ọmọ a máa kúnlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a gbé ọwọ́ lé wa lórí, wọn a ṣàdúrà. Nígbà tí a délé lọ́jọ́ náà, àbúrò mi obìnrin gba tirẹ̀. Nígbà tó kàn mí, ẹnu ọ̀nà ni mo kúnlẹ̀ sí.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ó di ọ̀la."

Ìyá mi fajú ro. "Ìwọ̀sí wo nìyí?"

Bàbá mi wò mí títí, wọ́n rántí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì. Wọ́n ká ọwọ́ wọn kò, wọ́n dìde, wọ́n fẹ̀yìn rìn títí wọ́n fi kan ògiri, ibẹ̀ ni wọ́n ti tẹ́wọ́ méjèèjì sókè. "Ẹni tó ń gbọ́ àdúrà kò jìnnà." Ìyá mi ti gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ nígbà tí a wọlé; ìgbà náà lọ̀rọ̀ tó yé wọn, wọ́n sì bú sẹ́kún. Inú mi dùn, mo ń ṣe àmín láti ẹnu ọ̀nà.

Ọmọ náà ti ń lọ síléèwé báyìí. Tí mo bá ń kọ́ kíláàsì mi nípa tẹkiníṣíọ́mù, mo máa ń sọ pé kì í pẹ́ kó tó kúrò nínú ara. N kì í sọ fún wọn pé òun ló bá mi sọ fún bàbá mi pé mo lóyún.