Agbálùmọ̀ Ràbàtà Abà Jínádù

Bí èèyàn bá ti Alákíà ń lọ sí Erúnmu, kò sí bí kò ṣe ní kọjá níwájú Abà Jínádù. Ohun tó sì ń dun Mùjíbátù gan-an nìyẹn: wọ́n ń kọjá ni, wọn kì í dúró. Láti ìgbà tí Sàníù ti gbé e níyàwó wá síbẹ̀ ló ti ń ta agbálùmọ̀ létí títì. Sàníù ti lọ, Ọlọ́run kó forí jì í, ọgbà tí bàbá rẹ̀ gbìn sì kù sọ́wọ́ ìyàwó. Igi ń so, èso ń já bọ́ láràárọ̀, àwọn oníbàárà á sì sáré kọjá lọ rà á ní oríta Erúnmu, lọ́wọ́ àwọn tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Mùjíbátù náà ni wọ́n ti rà á. Ẹ gbà mí o, irú ìyà wo nìyẹn? Àṣẹ́kù ọjà a máa jẹrà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nígbà tó wá gbọ́ pé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fẹ́ fi irin àti sìmẹ́ǹtì mọ agbálùmọ̀ ràbàtà kan sétí títì, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé èso yìí làwọn baba wọn fi tọ́ ọmọ, kíá ló ti fi ìborùn borí, ó di ọ̀dọ̀ Alájì Lìádì, alága ẹgbẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Alájì, ẹ bá wa gbé e sí Abà Jínádù. Ọ̀dọ̀ wa ni igi wà."

"Mùjíbátù, oríta là ń gbé nǹkan ńlá sí," ni Alájì wí. "Ta ló fẹ́ wá wo agbálùmọ̀ nínú abà tí ewúrẹ́ pọ̀ ju èèyàn lọ?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó ń dá sọ̀rọ̀ títí tó fi délé, ó sì bú ewúrẹ́ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Mùtíù, wẹ́dà kan ní Alákíà, ló mọ agbálùmọ̀ náà. Ó mọ ọ́n, ó mọ̀ ọ́n mọ, ó kùn ún bí èyí tó pọ́n dáadáa, ó fi ewé sí i lórí. Okùn nìkan ló kù díẹ̀ káàtó. Ògbólógbòó okùn kan báyìí ló fi dì í mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí oríta.

Ọkọ̀ dé iwájú Abà Jínádù, ó kó sí kòtò, okùn já. Agbálùmọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó yí gbirigbiri, ó lọ jókòó sábẹ́ igi tí Mùjíbátù ń pàtẹ sí. Kò ba ẹnikẹ́ni, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ewé kan ló kán.

Kí Alájì tó kó àwọn géńdé tí yóò gbé e dé, Mùjíbátù ti fẹ̀yìn tì í, ó gbé igbá ọjà rẹ̀ síwájú.

"Dìde, jẹ́ kí wọ́n gbé e."

"Ẹ má bínú, Alájì. Nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, ṣé ẹ máa ń wá jẹ agbálùmọ̀ lábẹ́ igi yìí?"

"Àárọ̀ kùtù la máa ń wá."

"Ṣé ẹ máa ń ká a lórí igi?"

"Ta ní ń ká agbálùmọ̀? Ṣé kó kan ni? À ń dúró dè é kó já bọ́ ni."

"Bó bá wá já bọ́, ta ló ni ín?"

Kò sí ọmọ tí wọ́n bí ní agbègbè yẹn tí kò mọ èsì rẹ̀: ti ẹni tó bá kọ́kọ́ bá a nílẹ̀ ni. Ọmọ olóko gan-an kò gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn géńdé ti ń rẹ́rìn-ín.

"Orí ọkọ̀ lèyí ti já bọ́," ni Alájì wí, "kì í ṣe orí igi."

"Ẹni tó bá agbálùmọ̀ nílẹ̀ kì í bèèrè ibi tó ti já." Ohùn Mùjíbátù wálẹ̀. "Ó dùn mí, Alájì. Inú ọgbà yìí ni Sàníù lo ayé rẹ̀ sí. Àwọn tó ń kọjá ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni gbé ibí rí."

Alájì wo igi lọ sókè. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí àwọn géńdé.

"Ẹ lọ wá sìmẹ́ǹtì àti yanrìn wá. Ẹ mọ ìdí rẹ̀ síbí, kó má baà tún yí lọ. Mùtíù á mọ ti oríta, okùn tuntun ni yóò sì fi dì í."

Tẹkúntẹkún ni Mùjíbátù fi dúpẹ́. Ọkọ̀ akérò kan ti rọra dúró létí títì, àwọn èrò ń sọ̀ wá wòran, ìyá kan láàárín wọn sì ń bèèrè iye tí wọ́n ń ta agbálùmọ̀. Mùjíbátù fi ìborùn nu ojú, ó ní kí wọ́n máa bọ̀ lábẹ́ igi.