Ọjọ́ Mẹ́sàn-án Ọlọ́ṣẹ Lórí Omi

Ọlọ́ṣẹ ni wọ́n ń pè é, ọdún mọ́kàndínlógún ló sì fi fọ aṣọ ibùsùn ní ilé ìwòsàn. Ọṣẹ ti jẹ èékánná rẹ̀. Tábìlì kan náà ni wọ́n fi èmi, òun àti bàbá rẹ̀ sí nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èèyàn kiri wo ẹranko òkun. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la jọ jẹun. Ohun tí mo rí, àti ohun tó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi, ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Tíṣà ni bàbá rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi àwòrán àbùùbùtán, ẹranko òkun tó tóbi jù lọ, han àwọn ọmọ iléèwé, tó ń sọ fún wọn pé kì í ṣe ẹja, pé ó ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Àwọn ọmọ a máa bi í pé, "Tíṣà, ṣé ẹ ti rí i rí?" Kò rí i rí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ojú ọ̀tún rẹ̀ kú, ti òsì sì ń ríran bí ẹni tó wà nínú èéfín. Dókítà ní ìyẹn náà kò ní pẹ́ lọ.

Ọlọ́ṣẹ pinnu pé bàbá òun á rí àbùùbùtán kí ojú náà tó lọ tán. Ṣùgbọ́n ó mọ bàbá rẹ̀. Tíṣà kì í gba nǹkan ńlá lọ́wọ́ ọmọbìnrin. Ó ní ọmọbìnrin tó bá ní nǹkan, ọkọ rẹ̀ ló ni ín, Ọlọ́ṣẹ kò sì lọ́kọ. Nítorí náà ó purọ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin, tí kò wálé láti ọdún mẹ́fà, ló sanwó ọkọ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni Tíṣà di ẹrù rẹ̀.

Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Ó rò pé bí inú bàbá bá ti dùn tán, òun á sọ òótọ́, bàbá á sì sọ lójú èèyàn pé, "Ọmọ mi obìnrin ló gbé mi wá." Ohun kan ṣoṣo tó ń wá nìyẹn. Ọjọ́ kejì ló sọ ọ́ fún mi, nígbà tí bàbá lọ sùn.

Nídìí oúnjẹ, ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin ni lójoojúmọ́.

"Ọmọ mi ọkùnrin ló rán mi wá," Tíṣà wí fún mi. "Eléyìí kàn ń fà mí lọ́wọ́ ni."

Mo ní, "Ẹ kú oríire. Ó ń fà yín dáadáa."

"Ó yẹ kó lè ṣe ìyẹn. Kí ló tún mọ̀ ọ́n ṣe? Ó fọṣọ títí, kò rí aṣọ ọkọ fọ̀."

Ọlọ́ṣẹ ń bá a gé ẹran rẹ̀. Kò dá ọbẹ dúró.

Ní èbúté kìíní, a sọ̀ kalẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Tíṣà mú bẹ́líìtì aláwọ fún ọmọkùnrin rẹ̀. Ọlọ́ṣẹ ló sanwó.

Òfin kan wà lórí ọkọ̀ náà. Bí wọ́n bá ti pa ẹ́ńjìnnì láti dúró de ẹranko, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi tàn án padà. Ẹni tó bá rí i á na apá síbẹ̀, àwọn tó kù á wo ibi tí apá nà sí. Tíṣà kò lè rí apá, nítorí náà Ọlọ́ṣẹ a gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀, a sì yí i síbi tí nǹkan wà. Bí nǹkan náà bá tóbi, tí ìmọ́lẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú òsì yẹn ń mú un díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí àwọn ẹran omi onírun tó sùn sórí àpáta. Ó ní wọ́n rí bí àpò sìmẹ́ńtì. Inú rẹ̀ dùn ní gbogbo ọ̀sán yẹn.

Ní èbúté kejì, ó jókòó níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, ó ra káàdì, ó ní kí Ọlọ́ṣẹ bá òun kọ ọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ọmọ mi àtàtà, o ṣeun tí o gbé mi wá. Ọmọ tìrẹ náà á ṣe é fún ọ."

Ọlọ́ṣẹ kọ ọ́ tán, ó fi báírò sílẹ̀.

"Bàbá, èmi ni mo sanwó. Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀ pé a wà níbí."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Owó wo? Owó aṣọ ìtọ̀?"

"Òun náà ni."

"Ìlara ń pa ẹ́. Láti kékeré ló ti ń pa ẹ́. Kọ àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n ẹ síbẹ̀."

Ó kọ ọ́. Nígbà tí a jókòó jẹun, Tíṣà pariwo rẹ̀ fún àwọn tábìlì tó yí wa ká. "Ẹ wá gbọ́ o. Alágbàfọ̀ ló háyà ọkọ̀ ojú omi." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Ti Ọlọ́ṣẹ, òótọ́ bá irọ́, irọ́ sì nà án.

Ọjọ́ kẹjọ ló gbẹ̀yìn fún wíwo ẹranko. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ọkọ̀, Tíṣà láàárín. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Atẹ́gùn ń ti ẹ̀yìn wa fẹ́ lọ sójú òkun, ó ń gbé gbogbo ìró lọ. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí ẹni tó ń fi ẹranko hàn wá tó na apá sí ọ̀tún. Apá bí ogójì nà tẹ̀lé e.

Àbùùbùtán ni. Ó tú omi sókè, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú sójú omi, ó gùn ju bọ́ọ̀sì méjì lọ, oòrùn sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Tíṣà kọjú sí òsì. Ọwọ́ Ọlọ́ṣẹ wà léjìká rẹ̀. Kò yí i.

Ó yọ lẹ́ẹ̀kejì. Mo rí i tí ìka Ọlọ́ṣẹ fún èjìká náà, tó sì tún dẹ̀.

"Ṣé ó ti yọ?" Tíṣà rọra sọ ọ́, nítorí òfin.

"Rárá, Bàbá."

Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀yin ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi?"

Mo wo ojú ọmọ rẹ̀. Mo ní, "Kò tíì yọ."

Ó yọ lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbé ìrù sókè, ó rì. Ogójì apá wálẹ̀. Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, ọ̀rọ̀ sì bẹ́ lẹ́nu gbogbo èèyàn. Obìnrin kan lẹ́yìn wa ní òun kò mọ̀ pé ìrù àbùùbùtán fẹ̀ tó yẹn.

Tíṣà fetí sílẹ̀. Ó yí ara rẹ̀ sí ọ̀tún fúnra rẹ̀, ó na ọrùn. Omi ló kù níbẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò yí mi?"

"Ẹ mọ ẹni tó gbé yín wá, Bàbá," ni Ọlọ́ṣẹ wí. "Ẹ ní kó wá yí yín."

Ó gbé ọwọ́ kúrò léjìká rẹ̀, ó dìde, ó sì lọ.