Baba Tó Pa Ọkọ̀ Mi Lẹ́nu Mọ́

Mo rántí ìgbà tí ohùn ọkọ̀ mi máa ń délé ṣáájú èmi fúnra mi. N óò ṣì wà ní ìkóríta, ìyàwó mi á ti gbé ọbẹ̀ kaná nílé wa ní Gadumo, nítorí ó ti gbọ́ mi. Àwọn ọmọ àdúgbò á ti sá kúrò lójú ọ̀nà, ewúrẹ́ á ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ajá ilé kejì á ti bẹ̀rẹ̀ sí gbó. Ṣàáààà! Bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ya aṣọ tuntun láti Lọ́kọ́ja dé Kàbà. Inú mi a sì máa dùn. Ẹ má bá mi wí. Ọgbọ́n ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tíṣà físíìsì ni mí nígbà náà, ní ilé-ìwé girama kan nínú ìlú. Ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Adankolo ni mo ti ra ọkọ̀ náà, ọmọ yunifásítì tó fẹ́ràn eré sísá ju ìwé kíkà lọ. Tòkunbọ̀ pupa ni, ó sì ní tọ́bò. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò bá irú rẹ̀ pàdé rí: èéfín tó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì ló ń yí fáànù kékeré kan, fáànù yẹn á sì mú kí atẹ́gùn máa rọ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì, agbára á wá lé sí i. Ṣùgbọ́n bí èéfín bá ti pọ̀ jù, ilẹ̀kùn kékeré kan wà tó gbọ́dọ̀ ṣí, kí àpọ̀jù náà lè gba ibẹ̀ sá lọ. Wéésígéètì ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Ó yẹ kí ohun tó bá gba ibẹ̀ jáde padà sínú sàlẹ́ńsà, kí ó gba ìdí ọkọ̀ jáde bí ọmọlúàbí. Àmọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ti gé páìpù ibẹ̀ kúrò, ó fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu sábẹ́ ọkọ̀, kí ó lè máa ké. Ó ní ariwo yẹn gan-an ni agbára. Èmi tí ìjọba ń sanwó fún láti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní físíìsì, mo gbà á gbọ́.

Ilé Àlàájì là ń gbé. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ti Ìlọrin wá ta aṣọ ní Lọ́kọ́ja àtijọ́, tí wọn kò sì padà mọ́. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ló ni ilé náà ní tòótọ́. Àlàájì kàn ń bá a dáhùn ni. Ìyá Àgbà fẹ́ràn ìyàwó mi. Oyún oṣù mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, kò sì ní ìyá mọ́. Ìyá tèmi náà ti lọ. Ìyá Àgbà ti ṣèlérí pé òun ni yóò wẹ ọmọ náà: òun ni yóò fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ nà án lápá, nà án lẹ́sẹ̀, tí yóò jù ú sókè tí yóò hán an, tí yóò sì máa kọ́ ìyá rẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ́ ọn. "Ọ̀kún," bẹ́ẹ̀ ló máa ń pè mí, nítorí ọmọ Yàgbà ni mí, bẹ́ẹ̀ la sì ń kíra wa, "Ọ̀kún, ìwọ ṣá ti máa ra ọṣẹ. Èyí tó kù kò kàn ọ́."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, Ìyá Àgbà ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú bútà àlùwàlá lọ́wọ́. Mo dé ẹnu géètì, mo tẹ ọkọ̀ kí n lè wọlé pẹ̀lú iyì. Ṣàáààà! Ìyá Àgbà ta gìrì, bútà bọ́, òun náà sì jókòó lulẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí ẹni tí wọ́n já lẹ́sẹ̀. Kò fara pa, àmọ́ àyà rẹ̀ ń lù kìkì, ó ń lù kìkì, títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí Àlàájì dé, kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

"Tíṣà," ó ní, "ìyá kan ṣoṣo ni mo ní. Mo fún ọ di Jímọ̀. Bí a bá ti kírun tán, tí ọkọ̀ yìí bá tún ké nínú ilé yìí, ìwọ àti òun ni ẹ óò jọ kẹ́rù yín jáde."

Ìyàwó mi kò bá mi jà. Ó kàn fọwọ́ lé ikùn, ó ní, "Ta ni yóò wẹ ọmọ mi?"

Ẹni tó kàwé kì í pẹ́ ronú. Mo ṣírò rẹ̀: ẹnu páìpù kékeré yẹn ni ariwo ti ń jáde, bí a bá dí i, ariwo tán. Ní ọjọ́ Ajé, mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan, mo ní kó fi irin pẹlẹbẹ jó ẹnu rẹ̀ pa. Ọkùnrin náà wò mí lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọ̀gá tíṣà, ṣé ó dá yín lójú?"

"Físíìsì ni mò ń kọ́ wọn," ni mo fi dá a lóhùn.

Kí n má purọ́, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ mi ní ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí atẹ́gùn tí a bá há mọ́ inú agolo. Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya agolo sójú pátákó, mo ya ọfà kiri inú rẹ̀ láti fi bó ṣe ń wá ọ̀nà àbáyọ hàn. Àfi bí ẹni tó ń sọ ìtàn ẹlòmíràn.

Ọkọ̀ dákẹ́ lóòótọ́. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo bọ́ sí títì, mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọkọ̀ náà fò! Ó gbé mi bí ìgbà tí màlúù bá fi ìwo gbé ènìyàn. Kí n tó ráyè yọ ẹsẹ̀, ohun kan dún gbàà nínú ẹ́ńjìnnì, èéfín dúdú bo ẹ̀yìn mi, gbogbo agbára rẹ̀ sì rọ wọ̀ọ̀. Ọlọ́kadà kan dúró tì mí.

"Ọ̀gá, ó ti gbọ́ ìbáwí nìyẹn o! Ẹ wọ́ ọ lọ bá Baba Ẹ́ńjìnnì létí odò. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má pè é. Kò ní gbọ́."

Núpé ni Baba Ẹ́ńjìnnì. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, nínú yàrá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tí ooru àti ariwo ti ń bára wọn du àyè, ariwo náà sì kó etí rẹ̀ méjèèjì lọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lápá ibi tí wọ́n ń kọ́ èbúté sí, lábẹ́ igi máńgòrò kan. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí pariwo bí ẹni tó ń pe ará òdìkejì odò.

"Sànnù, Màálàmù," ó ní, "má da ara rẹ láàmú. Etí mi kò sí nílé. Ẹnu rẹ ni mò ń wò. Sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́."

Mo bi í bó ṣe mọ̀ pé tíṣà ni mí. Ó nàka sí ṣọ́ọ̀kì tó wà lára ṣòkòtò mi.

Mo ro ẹjọ́ mi, láti orí bútà Ìyá Àgbà dé orí Jímọ̀ Àlàájì. Ó rá wọ abẹ́ ọkọ̀. Nígbà tó jáde, ẹ̀rín ń pa á títí ikọ́ fi mú un.

"Ta ló dí ibẹ̀ yẹn?"

Mo ní wẹ́dà ni. Ó wo ẹnu mi, ó tún wo ojú mi.

"Wẹ́dà kọ́," ó ní.

Ó wá fi rọ́bà ńlá kan tó ti ya hàn mí, èyí tó ń gbé atẹ́gùn láti ara tọ́bò lọ sínú ẹ́ńjìnnì. "Dúpẹ́ lọ́wọ́ rọ́bà yìí. Òun ló bẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rẹ má bàa bẹ́. Inú ń bí ènìyàn, o fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ṣé inú ọ̀hún ti rọ̀ ni?"

Mo ní, "Baba, báwo ni a ó ṣe wá pa á lẹ́nu mọ́?"

 Ó dì mí mú lọ́rùn ọwọ́ bí ọmọ kékeré, ó fà mí dé etí bèbè. Ó nawọ́ sí òkè odò, níbi tí omi méjì ti ń pàdé.

"Wò ó. Ṣé Bẹ́núè gbá Ọya láyà?"

Mo wò ó. Ẹ̀yin èèyàn, láti ìgbà tí mo ti dé Lọ́kọ́ja ni mo ti ń mú àlejò lọ wo ibẹ̀, tí mo ń ṣe bí ẹni pé èmi ni mo gbẹ́ ẹ. N kò tíì wò ó rí. Omi kan pọ́n, èkejì dúdú díẹ̀. Ọ̀kan dà gẹ́rẹ́ bá èkejì, kò forí sọ ọ́, kò dábùú rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, oníkálukú pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀, títí a kò fi mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni mọ́. Omi tó tó gbé ìlú lọ, kò sì pariwo.

"Bí páìpù rẹ yóò ṣe rí nìyẹn," Baba ní. "Èéfín tó sá yẹn kì í ṣe ọ̀tá. A ó mú un padà sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ já lù wọ́n ní igun. Á dà gẹ́rẹ́ wọlé, á kọjú síbi tí wọ́n ń lọ, sàlẹ́ńsà á sì gbé gbogbo wọn lọ pọ̀."

Àgbà jókòó, ó rí i; èmi gun orí ìwé, n kò rí i.

Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ló fi ṣe é. Ó fi rọ́bà tuntun rọ́pò èyí tó ya. Ó gé irin tí mo fi dí ibẹ̀ dànù, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó rọ iyanrìn gbígbẹ kún inú páìpù kó tó fi iná tẹ̀ ẹ́, kí ikùn rẹ̀ má bàa wọnú. Ó gé ẹnu rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀ bí ẹni gé ìrèké, ó sì fi jó ara sàlẹ́ńsà níbi tó jìnnà díẹ̀ sí tọ́bò, kí èéfín méjèèjì má bàa pàdé nígbà tí orí wọn ṣì gbóná. Láàárín páìpù náà, ó fi páìpù kúkúrú kan tí wọ́n fi wáyà hun, tó ṣeé tẹ̀, sí i. Ó ní irin tó bá gbóná máa ń gùn sí i. Bí kò bá ráyè na ara, á là.

Lẹ́yìn náà ló ní kí n tan ọkọ̀. Ó fi eyín di ìdí sukudiráfà gígùn kan mú, ó fi ṣóńṣó irin rẹ̀ kan ẹ́ńjìnnì, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé irin, ó sì dijú. Ó pẹ́ bẹ́ẹ̀. Lójijì, ó yọ sukudiráfà lẹ́nu, ó nàka sí abẹ́ ọkọ̀ láìla ojú. "Nọ́ọ̀tì kejì, lápá ọ̀tún. Kò le." Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo fi sípánà kàn án. Ó yí lóòótọ́. Èmi tí etí mi méjèèjì pé, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo yí i títí ó fi le.

"Baba," mo ní, "báwo lẹ ó ṣe wá mọ̀ bó bá ti dákẹ́?"

Ó fi àgbọ̀n júwe àwọn adìyẹ tó ń tan ilẹ̀ lábẹ́ máńgòrò. "Wọ́n máa ń fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ nígbà tí àwọn ọkọ̀ bíi tìrẹ bá kọjá níbí. Gbé e lọ, kí o sì tẹ̀ ẹ́ bọ̀ níwájú wọn."

Mo lọ, mo padà, mo tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ kò ju hùùùn lọ, ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀fun, bí àgbàlagbà tó ń ṣe àmín. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, Baba kò tilẹ̀ wo ọkọ̀. Ẹ̀yìn ló kọ sí mi, àwọn adìyẹ ló ń wò.

"Ẹyọ kan ṣoṣo ló gbórí sókè," ó ní. "Ìyẹn náà, oníjàngbọ̀n ni tẹ́lẹ̀."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Ìyá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà lórí ẹní. Àlàájì dúró níwájú rẹ̀, ó na apá méjèèjì bí gólíì. Ìyàwó mi ń wò láti ojú fèrèsé. "Ó yá, tẹ̀ ẹ́!" ni Àlàájì wí, ó sì dijú. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tún un tẹ̀. Ìyá Àgbà fi orí gba abẹ́ apá ọmọ rẹ̀ yọ.

"Kí ló ń dúró dè? Ẹ sọ fún Ọ̀kún kó tẹ̀ ẹ́, oòrùn ń pa mí."

Àlàájì la ojú, apá rẹ̀ sì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ó ti tẹ̀ ẹ́, Ìyá."

Ìyá Àgbà wo ọkọ̀, ó wò mí, ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. "Ṣé o ti ra ọṣẹ?" ló bi mí.

Obìnrin la bí. Ìyá Àgbà wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ títí ọwọ́ ìyàwó mi fi mọ́ ọn. Nígbà tó pé ogójì ọjọ́, a gbé e lọ kí Baba Ẹ́ńjìnnì. Ọmọ náà bú sẹ́kún bí mo ṣe gbé e lé e lọ́wọ́, ẹkún tó le, mo sì na ọwọ́ kí n gbà á padà. Baba mi orí. Ó ti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ọmọ náà lẹ́yìn, ó ti dijú.

"Má tíì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún," ó ní. "Jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán."

Ó ti pẹ́ díẹ̀. Ìyá Àgbà ti lọ, Baba náà ti lọ, mo sì ti ta ọkọ̀ náà fún ẹni tó ní sùúrù jù mí lọ. Irun mi ti ń funfun, ọmọ yẹn sì ti ń bá mi jiyàn lórí ohun gbogbo. Físíìsì ni mo ṣì ń kọ́ wọn. Bí mo bá ti dé orí bí ìró ṣe ń rìn nínú irin, nínú omi àti nínú ara ohun gbogbo, ṣọ́ọ̀kì mi á dúró lójú pátákó. Àwọn ọmọ á máa wo ara wọn, wọ́n rò pé tíṣà ti gbàgbé. N kò gbàgbé. Ọwọ́ dúdú kan tí gíríìsì ti wọ inú ìlà rẹ̀ ni mò ń wò, lẹ́yìn ọmọ kékeré tó ń sunkún, àti ojú àgbàlagbà kan tó ń gbọ́.