Kọ̀ǹpútà Tí Kì í Rántí Ilé Onílé

Mo ṣì ń gbọ́ ohùn bọ̀dá tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ní Rumuigbo, tí wọ́n ń béèrè páásíwọ́ọ̀dù Wi-Fi wa láràárọ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Linux, ètò kan tí wọ́n ń fi àṣẹ títẹ̀ darí, ni kọ̀ǹpútà wọn ń lò. Tí wọ́n bá ti lo Wi-Fi ẹnikẹ́ni tán, wọ́n á tẹ àṣẹ kan kí kọ̀ǹpútà náà lè gbàgbé rẹ̀. Wọ́n á ní, "Àlejò tó bá mọ ilé onílé jù, olè ni."

Nígbà tí iléeṣẹ́ wọn gbé wọn lọ sí Warri, wọn ò dágbére fún wa.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n yà kí wa, wọ́n sì ṣí kọ̀ǹpútà wọn àtijọ́ náà. Kí n tó la ẹnu sọ páásíwọ́ọ̀dù, ó ti wọ Wi-Fi wa fúnra rẹ̀.

"Bọ̀dá, e don connect."

Wọ́n wo ògiri. "Ó jọ pé ara kọ̀ǹpútà yìí ò yá."