Wọ́n Gbàdúrà Lòdì sí Ìtàn Yanrìn

Títí di òní, bí mo bá rí àga oníke funfun tí wọ́n tò sínú gbọ̀ngán, inú máa ń bí mi. Kì í ṣe àga ló ṣẹ̀ mí. Àwọn tó jókòó lórí wọn lọ́sàn-án Sátidé kan, nínú ẹ́sítéètì kan tí kò jìnnà sí Ikosi, ni ọ̀rọ̀ wọn ò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Òṣèré ni mí. Kì í ṣe irú èyí tí ẹ máa rí nínú fíìmù o, ohùn ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Èmi àti ọkùnrin kan tá a ti jọ ń ṣeré láti ìgbà ọ̀dọ́ wa la máa ń ka ìtàn sókè fún àwọn èèyàn. A ò ní wọ aṣọ eré, a ò ní kun ojú. Ìwé á wà lórí irin níwájú wa, a ó wá máa sọ ọ́ jáde. Èmi á jẹ́ ìyá, òun á jẹ́ ọkọ. Èmi á jẹ́ òjò, òun á jẹ́ ajá. Ìtàn ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ rí la fẹ́ràn jù: ká ní àwọn òkú lè gbé fóònù, ká ní oòrùn kọ̀ tí kò yọ, ká ní ìjọba ń gba owó orí lọ́wọ́ ẹja. Ìtàn Ká-ní la máa ń pè é. Àwọn èèyàn Ketu fẹ́ràn rẹ̀. Mo ti rí obìnrin tó ń bọ̀ láti Mile 12, tó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó ní òun kàn fẹ́ gbọ́ díẹ̀, tó sì dúró títí a fi parí.

Ọmọbìnrin kan ló kọ ìtàn Yanrìn. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Gbàgádà, ilé àwọn òbí rẹ̀ nínú ẹ́sítéètì yẹn ló sì ń gbé. Ó wá bá mi lẹ́yìn eré wa kan, ó ń fi okùn báàgì rẹ̀ yí ọwọ́. Ó ní, "Aunty, mo kọ nǹkan kan. Bí kò bá dáa, ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn." Mo délé, mo kà á tán kí n tó bọ́ bàtà.

Bí ìtàn náà ṣe lọ nìyí. Tọkọtaya kan kọ́lé ńlá. Yanrìn tí wọ́n wà nínú odò Ògùn lápá Agboyi ni wọ́n fi kọ́ ọ. Nígbà òjò kan, yanrìn náà gbọ́ ìró omi, àárò ilé bá ń sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lára ògiri díẹ̀díẹ̀. Láràárọ̀, ìyàwó ilé á rí ìlà yanrìn tín-ín-rín kan nílẹ̀ pálọ̀, tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ọkọ ní ọmọọ̀dọ̀ ni kò gbálẹ̀ dáadáa, ó lé e lọ. Wọ́n mú òmíràn wá, yanrìn ò dúró. Ó ń gba abẹ́ géètì jáde bí ìjàlọ, ó ń sọdá títì, ó forí lé odò. Ògiri wá ń di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, títí ẹni tó wà ní yàrá fi ń rí òjìji ẹni tó ń kọjá níta.

Mo pe ọmọ náà, mo ní a máa ṣe é. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí: ká má sọ pé òun lòun kọ ọ́. Ó ní, "Mummy mi á wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná." Mo sọ fún ẹnìkejì mi, ó ní kò burú.

Ẹnìkejì mi yìí ló bá wa rí gbọ̀ngán náà. Ẹgbẹ́ àwọn onílé ibẹ̀ ń wá nǹkan tí àwọn ìdílé lè jókòó wò lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n sì ti ṣèlérí fún un pé bí ti àkọ́kọ́ bá dùn, àwọn á máa pè wá lóṣooṣù. Ohun tí wọn ò sọ fún wa, tí èmi náà ò mọ̀ títí gbogbo rẹ̀ fi bàjẹ́, ni pé apá kan lára odi ẹ́sítéètì náà ti wó nígbà òjò ọdún yẹn. Ara ògiri ilé bíi mélòó kan sì ti sán. Wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan pé kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ síta, kí iye ilé má bàa já wálẹ̀. Ọmọ náà ti kọ ìtàn rẹ̀ tipẹ́ kí odi tó wó.

Ọjọ́ náà pé. Gbọ̀ngán kún. Àwọn Daddy wọ aṣọ ìgbafẹ́, àwọn Mummy ń fi ìwé pẹlẹbẹ fẹ́ ara wọn, àwọn ọmọ kéékèèké jókòó sílẹ̀ níwájú. Ọmọ tó kọ ìtàn jókòó ní ìlà kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sí itan bí ẹni tó ń dúró de dókítà.

A bẹ̀rẹ̀. Ó dùn o, n kò ní purọ́. Nígbà tí ẹnìkejì mi fi ohùn ọkọ lé ọmọọ̀dọ̀ lọ, tó ní, "Ṣé èmi ni n óò máa gbálẹ̀ nílé tí mo fi owó mi kọ́?", gbogbo gbọ̀ngán ló bú sẹ́rìn-ín, tí àwọn ìyàwó sì ń fi ìgúnpá gún ọkọ wọn. A dé ibi tí ògiri ti ń fẹ́lẹ́, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. A dé ibi tí ọkọ ti ń pe ẹni tó ń bá èèyàn ta ilé, tó ń sọ fún un wúyẹ́wúyẹ́ pé kó tètè bá òun tà á kí àwọn aládùúgbò tó mọ̀. Ibẹ̀ ni alága wọn ti dìde.

Bàbá ńlá kan ni, Daddy ni gbogbo wọn ń pè é. Ó na ọwọ́ sókè. "Ẹ dúró! Ẹ dúró ná. Ta ló rán yín sí wa?"

Mo rò pé ó ń bá wa ṣeré ni. Mo ní, "Daddy, ìtàn ni o."

"Irú ìtàn wo? Èmi kọ́lé síbí, ẹ wá dúró síwájú mi lọ́sàn-án gangan, ẹ ń sọ pé ilé mi ń wó?"

"Kì í ṣe ilé yín, sà. Ilé inú ìtàn ni."

Obìnrin kan pariwo lẹ́yìn pé, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Òmíràn ní, "Bákì tu sẹ́ńdà!" Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti dìde, wọ́n ti ń ti àga sẹ́yìn, Daddy ti ń kéde pé kí gbogbo wọn gbé ohùn sókè, kí wọ́n fagi lé gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwa méjèèjì ti sọ nínú gbọ̀ngán yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọdé tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ń wo ẹnu àwọn òbí wọn. Ẹnì kan ti pa máìkì wa.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni èmi náà, kò sí ohun tí n kì í gbàdúrà lé lórí. Àmọ́ kí àgbà tó kàwé, tó ń darí òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì, máa bá ìtàn jà bí ẹni ń bá olè jà! Odi tiwọn tó wó, mélòó nínú wọn ló pe ẹni tó kọ́ ọ kó wá ṣàlàyé? Ìtàn ni wọ́n rí pè lẹ́jọ́.

Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Ẹnìkejì mi ti pa ìwé rẹ̀ dé. Ó dijú, ó ń ṣe àmín.

Nígbà tí àdúrà rọlẹ̀, Daddy bi wá pé, "Ta ló kọ ọ́?"

Mo ní, "Daddy, ẹni tó kọ ọ́ ní ká má..."

N kò tíì parí rẹ̀ tí ọkùnrin tá a ti jọ ń ṣeré láti ìgbà ọ̀dọ́ wa fi nàka. Ó ní, "Kì í ṣe àwa la kọ ọ́, sà. Àwa kàn ń kà á ni. Ọmọ yín tó wà níbẹ̀ yẹn ló kọ ọ́."

Gbogbo orí ló yí padà. Ìyá ọmọ náà wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó rí àlejò. Ó ní, "Ìwọ?" Ọmọ náà ní, "Ẹ̀n, Mummy." Ìyá fi ọwọ́ mú un lọ́rùn látẹ̀yìn, kò le, àmọ́ kò rọ̀ náà, ó ní, "Kúnlẹ̀. Kúnlẹ̀ kí wọ́n gbàdúrà fún ọ."

Ó kúnlẹ̀. Obìnrin tó ń jí lọ síbi iṣẹ́, tó ń gbowó oṣù, tó ń ra oògùn fún bàbá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sáàárín àwọn àga oníke, àwọn ọkùnrin sì ń gbé ọwọ́ lé e lórí. Ọ̀kan ń bi í pé, "Ṣé o máa ń jẹun lójú oorun?" Ó ní rárá. "Ṣé o máa ń rí omi lójú àlá?"

Ó gbé ojú sókè. Ó ní, "Rárá o, sà. Típà ni mo máa ń rí. Ojoojúmọ́ ni típà tó gbé yanrìn ń kọjá níwájú mi bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́."

Wọ́n ní kó dákẹ́. Wọ́n tún tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo sọ̀ kalẹ̀ látorí pèpéle. N kò ní máìkì, n kò sì nílò rẹ̀. Ohùn tí mo fi ń jẹ́ òjò ni mo fi sọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́wọ́ yín kúrò lórí ọmọ yìí."

Ẹnì kan ní, "Aunty, ẹ bọ̀wọ̀ fún àgbà."

Mo ní, "Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ìdí tí mo fi ní ẹ jọ̀ọ́ nìyẹn."

Mo na ọwọ́ sí i, ó dì í mú, ó dìde. Ìyá rẹ̀ ò dá wa dúró, kò sì tẹ̀ lé wa. A rìn jáde, a kọjá níwájú àwọn ọlọ́dẹ géètì, a rìn títí a fi dé ibi tí àwọn èèyàn ti ń ná agbádo sísun, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ wá. Mo ń ronú ohun tí mo lè fi tù ú nínú, àmọ́ òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Aunty, ibi tí ọkọ ti lé ọmọọ̀dọ̀ yẹn, ṣé wọ́n rẹ́rìn-ín lóòótọ́? Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò gbọ́ dáadáa."

Mo ní, "Wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an ni."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wá bú sẹ́kún.

Ẹnìkejì mi pè mí lọ́jọ́ kejì. Mo rò pé ẹ̀bẹ̀ ló fẹ́ bẹ̀. Ó ní, "O ti ba gbọ̀ngán yẹn jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́."

"Èmi? Ìwọ tó o nàka sí ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́?"

"Bí n kò bá nàka sí i, àwa ni wọn ì bá mú. Tòun rọrùn, ilé wọn ni, ọmọ wọn ni, kí ni wọ́n lè fi í ṣe?"

Mo ní ohun tí wọ́n lè fi í ṣe lojú mi rí yẹn. Ó ní mo le jù. Mo pa fóònù. Ó padà lọ bẹ Daddy, ó sì ń ṣeré níbẹ̀ lóṣooṣù báyìí, ìtàn ọkọ tó gbàgbé ọjọ́ ìbí ìyàwó rẹ̀ àti irú ìyẹn, tí wọ́n á fi àdúrà bẹ̀rẹ̀. Bí a bá pàdé ní Mile 12, mo máa ń kí i. Ìkíni lásán ni.

Èmi ò jẹ́ kí ìtàn náà kú. Mo wá òṣèré méjì mìíràn, a gba yàrá ìkàwé kan ní ilé ìwé kan ní Ketu, a ka ìtàn Yanrìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Olùkọ́ wá, aránṣọ wá, àwọn kan tiẹ̀ wọkọ̀ ojú omi wá láti Agboyi. Ọmọ náà dúró sẹ́yìn pátápátá, ó fara ti ògiri. Kò sẹ́ni tó gbàdúrà. Nígbà tá a parí, ìyá àgbà kan láti Agboyi pòṣé, ó ní, "Yanrìn yẹn tiẹ̀ pẹ́ jù kó tó máa lọ." Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín, tòun tẹni tó kọ ọ́.

Kò pẹ́ sígbà yẹn tí ìyá ọmọ náà pè mí. N kò mọ ibi tó ti rí nọ́ńbà mi. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè àwọn ará ilé. Lẹ́yìn náà ó ní, "Aunty, àwọn tọkọtaya inú ìtàn yẹn. Nígbà tí yanrìn náà lọ tán, kí ló ṣẹlẹ̀ sí wọn?"

Ká sọ òótọ́, ó wà lẹ́nu mi. Mo mọ̀ ọ́n lórí. Àmọ́ mo rántí ọwọ́ tó fi mú ọrùn ọmọ rẹ̀, inú tún bí mi bí ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀.

Mo ní, "Mummy, ẹni tó kọ ọ́ wà nílé yín."

"Mo mọ̀ pé ó wà nílé. A kì í sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ ni."

"Ẹ bi í, mà. Ó mọ̀ ọ́n sọ jù mí lọ."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó pa fóònù. N kò mọ̀ bóyá ó béèrè. Ọmọ náà ò sọ fún mi, èmi náà ò sì wádìí. Bí ó bá tún pè mí lọ́la, ohun kan náà ni n óò sọ fún un.