Oògùn Tí Mo Tẹ̀ Sáàárín Yìnyín

Dókítà kan tí kò ju ọmọ mi lọ ló ṣàlàyé ẹ̀ fún wa. Àbúrò mi obìnrin, tó ń ránṣọ ní Ifọ̀, ni fọ́ńgọ́ọ̀sì wọ̀ lórí, ẹbí ohun tó máa ń mú búrẹ́dì bu. Oògùn tó ń pa á le. Tí wọ́n bá fún èèyàn bẹ́ẹ̀ láìfi nǹkan kan wé e, kíndìnrín ló máa ń jìyà ẹ̀. Àmọ́ irú kan wà tí wọ́n fi ọ̀rá wé, irú ọ̀rá tó wà lára ẹran, wínníwínní tí ojú ò lè rí. Ọ̀rá yẹn á gbé oògùn dé ibi tí àrùn wà, kò ní fi bẹ́ẹ̀ yọ kíndìnrín lẹ́nu.

"Bíi mọ́ínmọ́ín inú ewé," ni mo wí. Dókítà rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn sí ara mi.

Èmi ni wọ́n rán lọ gba èyí tí wọ́n wé. Apoògùn ń sọ bí màá ṣe tọ́jú ẹ̀, èmi ń bi í bóyá èèrà ló ń bá wọn pọ́n nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Òun náà rẹ́rìn-ín. "Kó ṣáà máa tutù" nìkan ni mo gbé kúrò níbẹ̀.

Ilẹ̀ ti ṣú, mo ní ó di ọ̀la kí n tó gbé e lọ fún dókítà; àmọ́ ní Mówè tí mò ń gbé, iná ti lọ láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbé e lọ sí Ìbafo, sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta omi tútù, tó ní fírísà àti jẹnẹrétọ̀. A tẹ̀ ẹ́ sáàárín yìnyín dáadáa. Àwa tá à ń gbé láìsí iná, ohun kan dá wa lójú: ohun tó bá dì kì í bàjẹ́. Ẹja ò bàjẹ́, ẹran ò bàjẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà gbé ìgò náà wò. Kò rẹ́rìn-ín.

"Dádì, ó ti dì."

"Ó tutù dáadáa ni."

"Ọ̀rá tí wọ́n fi wé e ti fọ́ nìyẹn. A ò lè lò ó mọ́, sà."

Òmíràn ò sí lọ́dọ̀ apoògùn, àrùn ò sì ní dúró dè wá. Èyí tí wọn ò wé ni wọ́n fún un. Orí ẹ̀ yá. Kíndìnrín ẹ̀ ò yá.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ bá a fọ ẹ̀jẹ̀ báyìí. Omi tó ń mu, wíwọ̀n ni, torí ara ẹ̀ ò lè dà á nù mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo gbé ife kékeré ẹ̀ fún un. Ó fọwọ́ kàn án lára.

"Bọ̀ọ̀dá mi, eléyìí ò tíì dì o. Ẹ ò gbìyànjú tó."

Ó ń wò mí, ó ń retí kí n dá àwàdà tèmi padà, bá a ṣe máa ń ṣe láti kékeré. Mo kàn ń wo bó ṣe ń tọ́ omi náà lá, kó má baà tètè tán.